Ilẹ̀ Tó Ní Òun Kì Í Wo Àwọ̀

Ó ti di àṣà: ọmọ Yorùbá tó bá ti Salvador dé, ìbáà ṣe onílù, ìbáà ṣe babaláwo, ìbáà ṣe olùkọ́ yunifásítì, kò ní í tíì tú ẹrù tán tí yóò fi sọ pé ilé wa ni Brazil. Yóò ròyìn obìnrin aláṣọ funfun tó ń fi epo pupa dín àkàrà lẹ́bàá títì. Yóò ròyìn ilé òrìṣà tí wọ́n ti ń kọrin sí Ọ̀ṣun ní èdè tí etí òun gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Yóò wá fi gbólóhùn kan dé e lórí: “Wọn ò mọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbẹ̀ o, kò dà bíi Amẹ́ríkà.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ bá jà. Kì í ṣe àlejò ló hùmọ̀ rẹ̀. Àwọn onílé ló hùmọ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi ijó àti ẹ̀rín dì í, tí wọ́n sì ń dì í fún àlejò lọ sílé. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ti Brazil tún yàtọ̀ díẹ̀: ohun tí àlejò máa rí ni wọ́n ti tò sílẹ̀ dè é.

Wọ́n kúkú ní ohun tí wọ́n fi lè yangàn. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń fi òfin pín bọ́ọ̀sì, ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀rọ omi sí ti funfun àti ti dúdú, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Brazil. Ní 1933, Gilberto Freyre, ọmọ Recife, gbé ìwé Casa-Grande & Senzala jáde, ó ní àdàlù òyìnbó Potogí, adúláwọ̀ àti àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ló bí Brazil, pé ohun ìyangàn sì ni, kì í ṣe ìtìjú. Ọ̀rọ̀ náà tu ọ̀pọ̀ èèyàn lára, nítorí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ náà ń sọ kó tó dé burú jáì. Àwọn olóṣèlú wá fà á gùn ju bó ṣe wà lọ. Wọ́n ní ìjọba tiwa-n-tiwa ti wà láàárín gbogbo àwọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Òkìkí náà kàn débi pé, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, UNESCO sanwó fún àwọn onímọ̀ kí wọ́n lọ wádìí bí Brazil ṣe ṣe é, kí àwọn ìlú yòókù lè rí i kọ́. Florestan Fernandes àti Roger Bastide ṣe ìwádìí tiwọn ní São Paulo. Ohun tí wọ́n mú bọ̀ kọ́ ni ohun tí wọ́n rán wọn.

Láàárín ìgbà yẹn gan-an, ní 1950, Katherine Dunham, gbajúmọ̀ oníjó adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà, dé São Paulo pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì Esplanada kò gbà á sílé nítorí àwọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kò dákẹ́. Ó sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn, ariwo sì ta. Ìtìjú ọ̀hún wà lára ohun tó bí òfin Afonso Arinos ní oṣù Keje 1951, òfin àkọ́kọ́ tó fi ìyà sí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyà kékeré ni o. Ìsọ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi í sí. Àwọn adúláwọ̀ ọmọ Brazil ti ń ké nípa hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti ilé ijó tipẹ́, èsì tí wọ́n sì ń rí gbà ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀, pé àìlówó lọ́wọ́ wọn ni. Àfi ìgbà tí àlejò tó lówó, tó lókìkí, kàn án ni àwáwí náà já.

Àìsí òfin bọ́ọ̀sì kò sì ní kí òfin má sí rárá. Brazil ló kẹ́yìn gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àríwá àti gúúsù, nínú fífi òpin sí oko ẹrú, ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1888. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí ọkọ̀ ẹrú já sí èbúté rẹ̀ láàyè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù márùn-ún, ọmọ wa sì pọ̀ nínú àwọn tó dé Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà. Wọ́n dá wọn sílẹ̀ láìfún wọn nílẹ̀, láìfún wọn lówó. Ní oṣù Kẹfà 1890, ìjọba tuntun ṣòfin pé èbúté ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè ṣiṣẹ́, àyàfi ọmọ Éṣíà àti ọmọ Áfíríkà, tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí wọ́n tó wọlé. Nínú oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Rui Barbosa, mínísítà ètò ìnáwó, pàṣẹ pé kí wọ́n kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ oko ẹrú tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ jọ, kí wọ́n sun wọ́n. Àwọn kan ní ó fẹ́ dínà mọ́ àwọn tó ní ẹrú tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń bèèrè owó gbà-má-bínú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àṣẹ náà fúnra rẹ̀ sọ ni pé nítorí iyì ilẹ̀ bàbá wọn ni.

Ní 1911, João Batista de Lacerda, ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Rio, dìde níbi àpérò àgbáyé kan ní London, ó ní kó tó di ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, dúdú kò ní í sí ní Brazil mọ́. Ó ní ìgbéyàwó, pẹ̀lú àwọn òyìnbó tó ń rọ́ wọlé láti Yúróòpù, yóò ti fọ̀ wọ́n tán. Bí ẹni ń ròyìn ayọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n kànìyàn ní 2022, àwọn tó pe ara wọn ní dúdú tàbí àdàlù lé ní ìdá 55 nínú 100.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ẹnu ọ̀nà tiwa ni Abdias do Nascimento. Ọdún 1914 ni wọ́n bí i ní Franca, ní ìpínlẹ̀ São Paulo. Ní 1944 ó dá ẹgbẹ́ eléré Teatro Experimental do Negro sílẹ̀ ní Rio, nítorí láyé ìgbà yẹn, bí eré bá nílò adúláwọ̀ tó ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ, òṣèré funfun ni wọ́n ń fi èédú kùn lójú. Àwọn ológun gbàjọba ní 1964. Ní 1968 Abdias lọ sí Amẹ́ríkà, ọ̀nà àtipadà sì dí mọ́ ọn. Ní 1976 ó wá ṣe olùkọ́ àlejò ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tó fi kọ ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ kà níbi àpérò FESTAC, èyí tí Nàìjíríà ṣe ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ 1977. Ohun tó sọ nínú rẹ̀ ni pé irọ́ ni ìrẹ́pọ̀ àwọ̀ tí Brazil ń polówó, pé ìparun tó ń yọ́ rìn ni wọ́n ń fi bá adúláwọ̀ jà níbẹ̀.

Wọn kò gbà á. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ó yẹ kó dùn wá: àjọ̀dún tí àwa adúláwọ̀ ṣe fún ara wa, ní ìlú tiwa, lórí owó epo tiwa, wọn kò jẹ́ kí adúláwọ̀ kan ka ọ̀rọ̀ tó kọ nípa ìyà adúláwọ̀. Ìjọba Brazil ti rán aṣojú tirẹ̀ wá, àwọn oníjó àti onílù rẹ̀ sì wà ní pápá. Ológun ló ń ṣèjọba lọ́hùn-ún, ológun ló ń ṣèjọba níhìn-ín, kò sì sí èyí tó fẹ́ kí inú èkejì bàjẹ́. Abdias di òǹwòran níbi tó yẹ kó ti jẹ́ olùbánisọ̀rọ̀. Ó ń pín ìwé náà fún ẹni tó bá nawọ́ gbà á. Iléeṣẹ́ Sketch tó wà ní Ìbàdàn ló tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá ní ẹ̀tanú àwọ̀ Brazil kò kàn wá, ó yẹ kó mọ̀ pé a bá wọn gbé irọ́ náà lórí.

Èmi náà ti dé Salvador. Àwọn tó pè wá fún àpérò àṣà tọ́jú wa gan-an. Aṣọ òkè ni mo wọ̀, káàdì àpérò wà lọ́rùn mi, àwọn èèyàn ń dì mọ́ mi, wọ́n ń bi mí ní ìtumọ̀ oríkì. Lọ́jọ́ tí a kò níṣẹ́, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti sílípáàsì, mo lọ ra ọṣẹ ní ilé ìtajà ńlá kan. Ẹ̀ṣọ́ kan tẹ̀ lé mi láti ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá dúró, á dúró; bí mo bá yà, á yà. Dúdú ni òun náà, ó tilẹ̀ jọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìjẹ̀bú. Nígbà tí mo dé ibi ìsanwó, obìnrin tó ń gbowó rí páásípọ̀ọ̀tì Nàìjíríà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó pariwo pé ọmọ Áfíríkà ni mí, inú rẹ̀ sì dùn tọkàntọkàn. Ẹ̀ṣọ́ náà bá pa tèmi tì. Kò sẹ́ni tó bú mi. Àmọ́ jíjẹ́ àlejò ló yọ mí. Ọmọ Salvador tó dúdú tó mi, tóun náà wá ra ọṣẹ tirẹ̀, páásípọ̀ọ̀tì wo ni yóò yọ?

Onílù tí a jọ lọ ti ríran jù mí lọ. Inú ọkọ̀ òfurufú la wà tó fi sọ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣàkíyèsí? Gbogbo àwọn tó ń gbálẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ló jọ wá. Ẹni tó buwọ́ lùwé owó wa nìkan ni ò jọ wá.”

Oracy Nogueira, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti tú iṣu ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò láti àwọn ọdún 1950. Ó ní ní Amẹ́ríkà, orísun ni wọ́n ń wò: bí ìyá-ìyá rẹ bá jẹ́ dúdú, dúdú ni ọ́. Ní Brazil, ìrísí ni wọ́n ń wò: irun, imú, bí àwọ̀ ṣe jìn tó. Ọmọ ìyá kan náà lè jáde nílé kí wọ́n fi ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wò wọ́n. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba ní kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àwọ̀ rẹ̀ ní 1976, orúkọ àwọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lé ní 130. Ìjọba ológun kan náà ti yọ ìbéèrè àwọ̀ kúrò nínú ìkànìyàn 1970. Ó di 1980 kó tó padà. Ohun tí a kò bá kà, ta ló fẹ́ bèèrè rẹ̀? Àwàdà kan wà lẹ́nu àwọn ọmọ Brazil fúnra wọn, pé bí o kò bá mọ ẹni tó jẹ́ dúdú, kí o bi ọlọ́pàá.

Ìwádìí tí Lilia Schwarcz, onímọ̀ ìtàn ọmọ Brazil, máa ń sọ nípa rẹ̀, tí wọ́n ṣe ní São Paulo ní 1988, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n ní ẹ̀tanú àwọ̀. Ìdá 97 nínú 100 ní rárá o. Wọ́n tún bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹlòmíràn tó ní in. Ìdá 98 ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ òrìṣà ńkọ́? Òrìṣà ni Bahia fi ń pe àlejò. Àwòrán ìyálórìṣà kì í wọ́n nínú ìwé ìpolówó ìrìn-àjò. Síbẹ̀, títí di 1976, ilé òrìṣà ní Bahia gbọ́dọ̀ gbàwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó lè lùlù. Ní Rio, ọlọ́pàá kó ìlù, ère àti ohun ìbọ lọ, wọ́n tò wọ́n sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tiwọn bí ẹrù oṣó; 2020 ni wọ́n tó kó wọn kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Lónìí, ní àwọn àdúgbò kan níbẹ̀, jàǹdùkú tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Jésù ló ń fọ́ ojúbọ. (Kí ẹni tó bá fẹ́ bú wọn kọ́kọ́ rántí ojú tí à ń fi wo abọ̀rìṣà nílé.)

Kò ní í dára kí n ṣe bí ẹni pé wọn ò yí padà. Ìwé òfin ilẹ̀ wọn ti 1988 sọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà di ọ̀ràn tí kò ní bélì, tí ọjọ́ kì í sì í pẹ́ lórí rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1990, Ààrẹ Fernando Henrique Cardoso, ẹni tí Florestan Fernandes kọ́ níwèé, gbà lórúkọ ìjọba pé ẹ̀tanú àwọ̀ wà. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fohùn ṣọ̀kan pé kò lòdì sófin kí yunifásítì ya àyè sọ́tọ̀ fún adúláwọ̀. Abdias ti padà sílé tipẹ́ kó tó di ìgbà yẹn, ó ti ṣe aṣòfin, ó ti ṣe sẹ́nétọ̀. Láti 1983 ló ti gbé àbá pé kí wọ́n ya iṣẹ́ ìjọba sọ́tọ̀ fún adúláwọ̀, wọn ò sì gbà á wọlé. Ó kú ní 2011. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin fún wọn ní ìdá 20 nínú 100 iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀.

Ṣùgbọ́n irọ́ àtijọ́ ṣì ń mí. Ní oṣù Kọkànlá 2020, ní àìsùn ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí Zumbi, aṣáájú àwọn adúláwọ̀ tó sá kúrò lóko ẹrú láyé àtijọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ lu ọkùnrin dúdú kan pa ní ilé ìtajà kan ní Porto Alegre. Lọ́jọ́ kejì, igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Hamilton Mourão, ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò sí ní Brazil, pé ohun tí àwọn kan fẹ́ kó wọlé láti òkè òkun ni. Ní oṣù Kìíní 2022, wọ́n lu ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Congo kan pa ní etíkun Rio. Ogun ló lé e wá sí Brazil láti kékeré, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ní owó iṣẹ́ rẹ̀ ló lọ bèèrè. Òun náà jẹ́ àlejò, ṣùgbọ́n kò sí káàdì àpérò lọ́rùn rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí báyìí ní yunifásítì ni ìgbìmọ̀ tó ń wojú. Àwọn funfun kan ti ń pe ara wọn ní àdàlù láti fi gba àyè tí a yà sọ́tọ̀, ni wọ́n bá ní kí àwọn èèyàn jókòó, kí wọ́n wo irun àti imú akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́. Wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́, wọ́n ń bú ara wọn nínú ìwé ìròyìn. Ó máa ń kó mi nírìíra bí mo bá rò ó, kí àgbàlagbà máa wọn imú ọmọ ọlọ́mọ. Síbẹ̀ ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ẹ̀rín ayé Freyre lọ, torí ohun tí ẹ̀ṣọ́ ń wò láti ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà náà ni ìgbìmọ̀ ń wò, àwọn kàn ń kọ tiwọn sílẹ̀ ni, wọ́n sì ń buwọ́ lù ú.