Ní Ilé Àwọn Mọ́ńkì Ilẹ̀ Ladakh

Ilẹ̀ Ladakh wà ní ìkangun àríwá orílẹ̀-èdè Íńdíà, láàrin àwọn òkè ńláńlá tí à ń pè ní Himalaya àti Karakoram. Ẹni tí ó bá gbọ́ "òkè", tí ó sì rò pé òkè tí igbó bò ni, kò ì tí ì gbọ́ nǹkan kan. Òkè ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbalaja ni. Kò sí igi, kò sí koríko, àfi ní ẹ̀bá odò níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń la ojú ọ̀nà fún omi yìnyín kí ó lè wọ oko báálì wọn. Leh, tí í ṣe olú ìlú wọn, fi bí 3,500 mítà ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ènìyàn ń rí mí sínú kò ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí à ń mí ní etí òkun. Òjò ọdún kan níbẹ̀ kò ju bí 100 mìlímítà lọ. Ti Ìbàdàn ju ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ tí ó gbẹ, tí ó sì tutù báyìí, ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kọ́ ilé àwọn mọ́ńkì wọn sí. Gọ́ńpà ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn wà ní ṣóńṣó òkè, bí ẹni pé ẹyẹ ni ó gbé wọn lọ síbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni mo lọ bẹ̀ wọ́n wò, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ kan àwa tí à ń pe ara wa ní ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá ní yunifásítì.

Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, n kò lè ṣe ju kí n dùbúlẹ̀ ní Leh lọ. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn mẹ́wàá péré, àyà mi a máa lù kì-kì-kì bí ti ẹni tí ogun ń lé. Àwọn onílé mi sọ fún mi pé kò sí oògùn rẹ̀ bí kò ṣe sùúrù. Ní ọjọ́ kẹta ni awakọ̀ mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí ní ilẹ̀ náà, wá fi mọ́tò gbé mi. Ó kí mi pé "Júlè". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n fi ń sọ pé ẹ ǹ lẹ́ o, òun náà ni ẹ ṣé, òun náà ni ó dàbọ̀. Èmi ọmọ Yorùbá, tí mo ní ìkíni fún ẹni tí ó jókòó, tí mo ní fún ẹni tí ó dúró, tí mo sì tún ní fún ẹni tí ń ṣe irun lọ́wọ́, ẹnu yà mí pé ọ̀rọ̀ kan lè ru ẹrù tó báyẹn.

Thikse ni a kọ́kọ́ lọ, kò ju bí ogún kìlómítà lọ sí Leh. Ilé funfun lórí ilé funfun ni, a tò wọ́n láti ìsàlẹ̀ òkè dé orí rẹ̀. Ilẹ̀ kò tí ì mọ́ dáadáa nígbà tí a dé ibẹ̀. Mọ́ńkì méjì dúró lórí òrùlé, wọ́n ń fun fèrè gígùn, ohùn rẹ̀ sì ń rìn lọ sí inú àfonífojì. Nínú gbọ̀ngàn àdúrà, àwọn mọ́ńkì jókòó lẹ́sẹẹsẹ nínú ẹ̀wù pupa wọn, wọ́n ń ké ọ̀rọ̀ ìwé mímọ́ láìsinmi. Àwọn ọmọdékùnrin ń gbé ìkòkò tíì káàkiri. Tíì wọn kò ní ṣúgà. Iyọ̀ àti bọ́tà ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Bí ẹni mu ọbẹ̀ ni ó rí lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n nínú òtútù àárọ̀ ọjọ́ náà, n bá mu kún igbá. Àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ìránṣẹ́ lásán. Iṣẹ́ ńlá tí a fi lé wọn lọ́wọ́ ni kí wọ́n kọ́ ìwé àdúrà sórí, gẹ́gẹ́ bí ọmọ awo ti ń kọ́ ẹsẹ Ifá ní ẹsẹ̀ olúwo rẹ̀.

Ère kan wà ní Thikse tí ó ga tó 15 mítà. Ìsàlẹ̀ ni ìdí rẹ̀ wà, ojú rẹ̀ sì wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ère Maitreya ni, Búdà tí wọ́n gbàgbọ́ pé ó ń bọ̀ wá. Ẹni tí ó bá rí i yóò pè é ní iṣẹ́ àwọn ará àtijọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìrántí ìbẹ̀wò tí Dalai Lama kẹrìnlá ṣe síbẹ̀ ní 1970 ni a fi ṣe. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà ilẹ̀ náà ni ó mọ ọ́n, ní ìlànà tí àwọn baba wọn fi ń mọ ère.

Láti ibẹ̀ ni a ti tẹ̀lé odò Indus lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, títí a fi dé Alchi. Gọ́ńpà ti Alchi kò sí lórí òkè. Inú abúlé ni ó wà, láàrin àwọn igi eléso. Ọ̀kan nínú àwọn ilé rẹ̀, alájà mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Sumtsek, ti wà láti bí 800 ọdún. Ère mẹ́ta dúró nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju ìlọ́po méjì ènìyàn lọ. Aṣọ tí a kùn sí ìdí wọn ni ó dá mi dúró. Ààfin àti ojúbọ wà lára aṣọ ti èkíní. Ìtàn ìgbésí ayé Búdà wà lára ti èkejì. Àwòrán àwọn ẹni mímọ́ 84 wà lára ti ẹ̀kẹta. Ọ̀nà ti àwọn ará Kashmir ni. Ní Kashmir fúnra rẹ̀, àwọn ilé ìsìn Búdà ìgbà náà ti wó, àwòrán ògiri wọn sì ti parẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń kùn ún, Alchi ni yóò lọ.

Ṣùgbọ́n òrùlé amọ̀ ni ó bo gbogbo ẹwà yìí. Amọ̀ tó fún ilẹ̀ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, àmọ́ ojú ọjọ́ ti ń yí padà. Ní òru ọjọ́ karùn-ún mọ́jú ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 2010, òjò òjijì ya lu agbègbè Leh, ẹ̀kún omi rẹ̀ sì pa ènìyàn tí ó ju 200 lọ. Ní Alchi, omi tí ó jò láti òrùlé ti fa ìlà ẹrẹ̀ gba orí àwòrán kọjá. Mo wo àwọn ìlà náà títí, ọkàn mi sì bàjẹ́.

Bí a ti ń padà bọ̀ sí Leh, a yà sí gọ́ńpà kékeré kan. Mọ́ńkì mẹ́rin, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, tẹ̀ ba lórí tábìlì kan, wọ́n ń fi iyanrìn aláràbarà ya ààfin ẹni mímọ́ kan, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú irin oníhò tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó ni wọ́n ń bu iyanrìn sí, wọn a sì máa fi irin mìíràn ha á lára, kí iyanrìn lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Mọ́ńkì arúgbó kan jókòó tì wọ́n. Awakọ̀ mi pè é ní "Mémé-lé", èyí tí í ṣe bàbá àgbà ní èdè wọn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ń ṣe ògbufọ̀ láàrin wa.

"Bàbá, ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ yìí yóò gbà?"

"Ọjọ́ márùn-ún."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"A ó gbá a jọ, a ó sì dà á sínú odò."

"Kò ha ní dùn yín?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ohun tí a bá kó jọ, títú ni yóò tú ká. Ẹ̀kọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n wo àwọn ọmọ yìí. Bí iyanrìn bá lọ, ọwọ́ wọn kò gbàgbé."

Ní ẹ̀yìn Bàbá, ìwé ni ó kún ara ògiri. Ewé gígùn tóóró ni ìwé wọn, a kò rán an pọ̀. Pákó méjì ni ó há a mọ́ àárín, a sì fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Kangyur ni wọ́n ń pe àkójọ náà, ọ̀rọ̀ Búdà ní èdè Tìbẹ́ẹ̀tì. Búdà kò sì sọ èdè Tìbẹ́ẹ̀tì rí! Àwọn ògbufọ̀ ni ó túmọ̀ rẹ̀, pàápàá láti èdè Sáńsíkírítì. Rinchen Zangpo, tí a bí ní 958 tí ó sì kú ní 1055, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ìtàn wọn sọ pé ọ̀dọ́ 21 ni ọba Guge rán kọjá òkè lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní Kashmir, àti pé gbogbo wọn ni ó kú sí ìdálẹ̀ àfi méjì. Rinchen Zangpo wà nínú àwọn méjì náà. Lotsawa ni oyè rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ògbufọ̀. Ẹ wo ilẹ̀ tí ògbufọ̀ ti jẹ́ olóyè! Nígbà tí ó ṣe, ogun fọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá ti Íńdíà bí Nalanda, ìwé púpọ̀ sì ṣègbé. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìwé wà tí a kò rí ní Sáńsíkírítì mọ́, tí ó sì wà ní èdè Tìbẹ́ẹ̀tì.

Bàbá tú ìdìpọ̀ kan, ó ka ojú ewé kan sókè. Mo yíjú sí awakọ̀ mi pé kí ó túmọ̀ rẹ̀. Ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi pàápàá kò gbọ́ ọ. Èdè ìwé ni. Bí mo mọ ọ̀kan níhìn-ín, mo lè mọ ọ̀kan lọ́hùn-ún."

Mo wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó le ni èyí láàrin wọn. Àwọn kan ní kí a máa kọ èdè bí a ti ń sọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn mìíràn ní bíba èdè mímọ́ jẹ́ nìyẹn. Ní 2025, ìjọba ka Bhoti mọ́ àwọn èdè ìjọba ilẹ̀ Ladakh. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí nìkan kò lè mú kí awakọ̀ mi gbọ́ ohun tí Bàbá kà. Àwọn ògbufọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà là nítorí pé wọ́n tún un ṣe. Àwọn ọmọ wọn gbé e gẹ̀gẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń bẹ̀rù àtitún un ṣe.

Awakọ̀ mi bi Bàbá léèrè pé ta ni yóò wá túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Bàbá kò dá a lóhùn. Ó bi í pé ìgbà wo ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀.

"Ìgbà òtútù ni, Mémé-lé. Àlejò kì í fi bẹ́ẹ̀ wá."

"Ó dára. Wá nígbà òtútù."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àwa náà ní oríkì àti ẹsẹ Ifá tí a ti gbà sínú ẹ̀rọ, tí a ti tẹ̀ sínú ìwé, tí a ti tò sórí pẹpẹ, tí púpọ̀ nínú wa kò sì lè sọ ìtumọ̀ ìlà mẹ́ta nínú rẹ̀. Pẹpẹ kò ní ọwọ́ tí yóò fi rántí. A ní ìsinmi gígùn lọ́dọọdún, àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n sì ń bẹ nílé. Kí a lọ jókòó tì wọ́n.