Ìyá Aláṣọ Lọ Wo Àbùùbùtán: Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé!

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún Ìyá Aláṣọ tẹ́lẹ̀ pé yóò wọ bàálù lọ sí Gúúsù Áfíríkà tìtorí àtiwo ẹja, ẹ̀rín ni ìbá fi onítọ̀hún rín. Họ́wù! Ẹja tí wọn ò ní sè, tí wọn ò ní yan, tí wọn ò tilẹ̀ gbọdọ̀ fọwọ́ kàn? Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún nídìí aṣọ títà ní Gbági n'Íbàdàn, èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ó lọ, ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ohun tó sì bá bọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹja lọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Cape Town, ló ní kó wá. Ká má parọ́, àárín ìyá àti ọmọ ò gún nígbà náà. Wọn ò bú ara wọn o, wọn ò sì jà. Àmọ́ lọ́dún 2020 tí kòrónà gbòde, bàbá ọmọ yìí kú. Nàìjíríà ti ti pápákọ̀ òfurufú pa, Gúúsù Áfíríkà náà ti ti tiẹ̀. Orí fóònù lọmọ ti wo bí wọ́n ṣe ń gbé bàbá rẹ̀ wọ ilẹ̀. Ìyá mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Orí mọ̀ ọ́n, ọkàn ni ò gbà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pe ara wọn: "Ṣé dáadáa ni?" "Dáadáa ni, Màámi." Ó parí.

Káfíńtà ni bàbá ọ̀hún nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tọ́mọ wà ní kékeré, òun ló máa ń sọ fún un pé ẹja kan ń bẹ lókun tó tóbi débi pé gbogbo ìlú lè máa bù ú, kó má tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní àbùùbùtán. "Lọ́jọ́ kan, a ó jọ lọ wò ó," bàbá a wí. Ọjọ́ náà ò dé. Ìyẹn lọmọ rò tó fi ní kí ìyá wá, kí àwọn méjèèjì lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní Hermanus.

Etí òkun ni Hermanus wà, bíi kìlómítà 120 sí Cape Town. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá lọ́dọọdún, àwọn àbùùbùtán kan máa ń ti òkun olótùútù tó wà ní ìhà yìnyín gúúsù ayé wá síbẹ̀, wọ́n ń wá bímọ. Àgbà inú wọn lè gùn tó mítà 15, kó wúwo ju tọ́ọ̀nù 40 lọ. Láyé ijọ́un, àwọn òyìnbó ọlọ́kọ̀ a máa pa wọ́n nítorí òróró ara wọn, torí wọn ò yára, bí wọ́n bá sì kú, wọ́n ń léfòó ni. Àbùùbùtán fẹ́ẹ̀ tán lóòótọ́! Lọ́dún 1935 ni òfin àgbáyé dáàbò bò wọ́n, ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní Hermanus, orí ilẹ̀ lèèyàn ti lè jókòó wò wọ́n láìwọkọ̀ ojú omi. Kódà, lọ́dún 1992, ìlú náà yan akéde kan tó ń fun fèrè koríko òkun láti fi ké sáráyé bí wọ́n bá ti yọ. Èyí dùn mọ́ Ìyá Aláṣọ nínú. "Ìlú tó láago ẹja," ó ní, "ìlú gidi ni."

Ọ̀rọ̀ wá di ti ilé tí wọn ó dé sí. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ọmọ fẹ́ràn ilé kan ní De Kelders, lódì kejì omi, orí bèbè àpáta gan-an, tí gbogbo ògiri iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ibẹ̀ dára lóòótọ́, ẹja sì máa ń sún mọ́ etí àpáta níbẹ̀. Ìyá wo fọ́tò náà lórí fóònù, ó béèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: "Àtẹ̀gùn mélòó ni?" Mẹ́rìnlélógún ni. Orúnkún ìyá ò lè gùn ún. Ọmọ tún mú Stanford wá, níbi tí owó ilé ti rọjú. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá odò ló wà, kì í ṣe etí òkun. Àràárọ̀ ni wọn ó máa wa mọ́tò kí wọ́n tó rí omi òkun sójú.

Ojú wá ń kán ọmọ. Ó rí ilé kẹta tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé "a ń rí òkun láti inú ilé." Kò bi ìyá, ó sáré san àsansílẹ̀. Nígbà tí ìyá gbọ́, ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ tí a ò tú wò, ṣé a ń sanwó rẹ̀ ni? Rán ẹnìkan lọ wò ó." Nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń kọjá lọ sápá ibẹ̀ bá wọn yà á wò. Ẹ gbọ́ ohun tó rí! Òkun wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àfi kéèyàn gun àga ní ilé ìwẹ̀, kó yọrí lójú wíńdò. Ìdajì àsansílẹ̀ ló padà, ìdajì yòókù ti lọ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Láti Íbàdàn ló ti ń pe àwọn onílé, tọ́mọ ń túmọ̀ fún un, bí ẹni ń ná bọ́ńdù áńkárá. Ṣé ìsàlẹ̀ ni àbí òkè? Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹsẹ̀ arúgbó yóò fi dé etí òkun, kì í ṣe ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ o? Ṣé bẹ́ńṣì wà níbẹ̀? Bí òtútù bá mú, kúbùsù mélòó lẹ ní, torí àwọn ilé apá ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rọ amúlémóoru? Bí ẹ bá lẹ́ ń rí òkun, ibo lèèyàn ó dúró sí kó tó rí i? Nígbà tí wọ́n sì sọ fún un pé lọ́dún 2022 yìí, wọ́n ń pa iná léraléra ní Gúúsù Áfíríkà, ó bú sẹ́rìn-ín: "NEPA dé ọ̀dọ̀ yín náà? Ó dáa, ṣé gáàsì lẹ fi ń dáná?"

Ó tún gbọ́ pé ìlú náà ń ṣọdún àbùùbùtán ní ìparí oṣù kẹsàn-án, owó ilé a sì gbówó lórí nígbà náà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọdún kásẹ̀ ńlẹ̀ ná. Ibi tí wọ́n padà gbà ni yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé àtijọ́ kan láàárín ìlú. Wíńdò rẹ̀ ò rí òkun rárá, ògiri aládùúgbò ló kọjú sí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún ni sí Gearing's Point, níbi tí ilẹ̀ ti yọrí sínú omi, tí bẹ́ńṣì wà.

Ọjọ́ kìíní, òjò àti atẹ́gùn. Wọn ò rí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, omi ṣókùnkùn, wọn ò tún rí nǹkan kan. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri, ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn wọkọ̀ ojú omi tó níwèé àṣẹ, torí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè sún mọ́ ẹja tó mítà 50, nígbà tó jẹ́ mítà 300 ni òfin ní kí àwọn ọkọ̀ yòókù jìnnà sí i. Ìyá kọ̀: "Ilé rẹ̀ la wá. A kì í já wọ ilé ẹni tó bímọ tuntun."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìyá jí gbàdúrà, ó wọ ṣálẹ̀ẹ́tì rẹ̀, ó ró kúbùsù lé aṣọ, ó dá rìn lọ sórí bẹ́ńṣì. Torí pé ó súnmọ́ náà ni, kò sídìí láti jí ẹnikẹ́ni. Nígbà tọ́mọ ta jí, tó bá bẹ́ẹ̀dì lófo, àyà rẹ̀ já. Ó sáré jáde. Ó bá ìyá tó na ọwọ́ sójú omi, tí kò lè sọ̀rọ̀.

Èémí méjì ló kọ́kọ́ tú sókè bí èéfín, ó pín sí méjì lókè bí ẹ̀ka igi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn dúdú gbọọrọ yọ, kò ní lẹbẹ lẹ́yìn. Kékeré kan fara ti ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kékeré" ọ̀hún gùn bíi mítà márùn-ún!

Bàbá arúgbó kan, apẹja ayé àtijọ́, wà lórí bẹ́ńṣì ọ̀hún. Ó sọ fún wọn lédè òyìnbó pé ìyá ẹja yẹn ò fẹ́ẹ̀ jẹ nǹkan kan ní gbogbo oṣù tó fi ń fún ọmọ lọ́mú níbẹ̀, ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń lò. Ọmọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìyá dákẹ́, ó pẹ́.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá ẹ," ó ní, "kí lo jẹ?"

Omi lé lójú ọmọ. "Mi ò jẹun fọ́jọ́ mẹ́ta, Màámi. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá."

"Mo béèrè àtẹ̀gùn ilé, mo béèrè kúbùsù, mo béèrè gáàsì," ìyá wí. "Ọdún méjì, mi ò béèrè ìyẹn. Fiyè dénú." Ó tú kúbùsù, ó fi ìdajì rẹ̀ bo ọmọ léjìká. Títí oòrùn fi là ni wọ́n jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ káfíńtà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ọmọ yín bá pè yín wá sírú ibẹ̀, ẹ má ṣe tijú àtibéèrè. Fọ́tò ò ní àtẹ̀gùn, fọ́tò ò sì mọ orúnkún. Ilé tó rẹwà tẹ́ ẹ ò lè jáde nínú ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ sì rántí béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà pẹ̀lú.

Ìyá Aláṣọ ti padà sí Gbági. Oníbàárà kan bi í léèrè pé ṣé ẹja ọ̀hún dùn. "Wọn kì í jẹ ẹ́," ó dáhùn, bó ti ń ká áńkárá. "Ẹ mú igba náírà wá sí i, kí n wọn aṣọ yín."