Òṣùpá Igun Àwòrán Mi

Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni mo ń yà jẹun. Àwọn tí ó ń wo iṣẹ́ mi a máa bi mí léèrè ìdí tí òṣùpá kì í fi í ṣàìsí ní igun rẹ̀, ìbáà ṣe ọjà ni mo yà, ìbáà ṣe ilé ẹjọ́. Songon ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Songon, ìlú àwọn Ébrié létí ọ̀sà, ní ìwọ̀ oòrùn Abidjan, lójú ọ̀nà Dabou, ni mo gbé dàgbà. Èjìgbò ni àwọn òbí mi ti wá ṣòwò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará ìlú wa ti ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Júláì ọdún 1969, nígbà tí a pagbo yí rédíò aládùúgbò wa ká, tí a gbọ́ pé Armstrong àti Aldrin, ará Amẹ́ríkà, ti gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Ìyá mi, tí ń ta aṣọ, gbójú sókè, ó ní, “Bí wọ́n bá ń ná ọjà níbẹ̀, èmi náà yóò lọ.” Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, èmi gbà á gbọ́. Nígbà tí Armstrong fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago mẹ́ta òru lù lọ́dọ̀ wa. Mo ti sùn lọ.

Lẹ́yìn ìsinmi, olùkọ́ wa gbé igbá kan ka orí tábìlì, ó ní kí a yà á bí a ti rí i. Mo ya igbá náà, ó yí roboto, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni mo gbé e kọ́, ìyá mi sì jókòó lórí rẹ̀, ó ń tẹ́ aṣọ. Olùkọ́ fi ìwé mi han gbogbo kíláàsì fún ẹ̀sín, ó fún mi ní òdo, ó sì fà á ya. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, n kò ya ohunkóhun mọ́.

Nígbà tí ìyá mi gbọ́, kò bínú. Ó fà páálí tí a ká aṣọ mọ́ yọ, ó ní, “Ọmọ mi, ya òṣùpá mi padà. Mo ti palẹ̀ ẹrù mọ́.”

Nígbà tí mo dàgbà ni mo mọ iṣẹ́ Frédéric Bruly Bouabré, ọmọ Bété, akọ̀wé ìjọba, tí ó kú ní ọdún 2014. Ó sọ pé ní ọjọ́ 11 oṣù Máàṣì ọdún 1948, ọ̀run ṣí, òun sì rí oòrùn méje aláwọ̀ oríṣiríṣi tí ó yí ìyá wọn ká. Láti ìgbà náà ni ó ti ń jẹ́ Cheik Nadro, ẹni tí kì í gbàgbé. Orí páálí pélébé ni òun náà fi bírò àti pẹ́ńsù aláwọ̀ ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán, tí wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní Paris ní 1989. Bí ó bá ṣe pé kíláàsì wa ni ó ti ya oòrùn méje náà, òdo mélòó ni ìbá gbà?

Síbẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ olùkọ́ mi: igbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọwọ́ mi bí òṣùpá ti ń yí roboto. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà, ẹ fún ojú ọmọ ní máàkì tirẹ̀, kí ẹ fún ọkàn rẹ̀ náà ní tirẹ̀, ẹ má sì ṣe fa ìwé rẹ̀ ya. Ìyá mi ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Bí mo bá fi òṣùpá sí igun àwòrán, ìsọ̀ rẹ̀ ni mo ń bá a tẹ́.