Wáyà Páàdì ní Ẹsẹ̀ Òkè Patti

Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù tí a máa ń lọ ní ẹsẹ̀ Òkè Patti, nílùú Lọ́kọ́ja, òfin méjì péré ló wà. Ẹni tí wọ́n bá nà ló ń sanwó, ogún náírà fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ẹni tí wọ́n bá sì fi góòlù márùn-ún sí òdo nà, owó nìkan kò gbà á sílẹ̀: yóò gun Patti kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò mú ewé igi oṣè tó wà lórí òkè náà bọ̀, kí ojú gbogbo wa lè rí i pé ó débẹ̀ lóòótọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oṣè bá ti wọ́wé tán, èèpo igi tó já bọ́ sílẹ̀ la máa ń gbà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gùn ún. Adriano ló kó bá mi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹni tó bá gbá Winning Eleven tàbí PES láyé ìgbà náà kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Ọmọ Brazil tó ń gbá fún Inter yẹn, bó bá ti gbé ẹsẹ̀ òsì, kí aṣọ́lé máa gbàdúrà ni.

Òkè tí mò ń wí yìí sì kì í ṣe òkè eré. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1,500. Àwọn Nupe ló sọ ọ́ lórúkọ. “Pati” ni wọ́n ń pe òkè lédè wọn, bí orúkọ ìlú Pàtígi náà ṣe jẹ́ “òkè kékeré”. Ìyẹn ni pé àwa tí à ń sọ pé Òkè Patti, “òkè òkè” là ń wí. Kò burú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ góòlù márùn-ún, òkè méjì ló ń gùn lóòótọ́. Ilé ìsinmi Lugard wà lókè níbẹ̀, àwọn afinimọ̀nà a sì máa sọ fún àlejò pé ibẹ̀ ni Flora Shaw dúró sí, tó wo Odò Ọya àti Bẹ́núè níbi tí wọ́n ti pàdé, tó fi sọ wá ní Nàìjíríà. Inú ìwé ìròyìn The Times ti ìlú London, ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1897, ni obìnrin náà ti gbé orúkọ yìí jáde, òun àti Lugard ò sì tíì fẹ́ra nígbà yẹn. Ọdún 1902 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá afinimọ̀nà jiyàn? Ẹni tí wọ́n nà kò wá ìtàn lọ sókè. Ewé ló wá lọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ: tẹlifíṣọ̀n méjì, PlayStation 2 méjì, bẹ́ǹṣì méjì, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I pass my neighbour” lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá mọ Lọ́kọ́ja mọ ooru rẹ̀. Àárín òkè àti odò ni ìlú náà há sí. Òkúta Patti á gba oòrùn sára látàárọ̀, á wá máa dá a padà fún wa lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni oníṣọ́ọ̀bù kò ní tan fáànù, nítorí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò lè gbé fáànù mọ́ tẹlifíṣọ̀n méjì. Ọwọ́ wa á máa yọ̀ lórí páàdì. A máa ń nù ún mọ́ ṣòkòtò ilé ìwé kí ìdajì kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Wáyà páàdì kò sì gùn. Èyí ló fà á tí a fi máa ń rún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì kan, èjìká lórí èjìká, tí mo fi ń gbọ́ bí ẹni tí mò ń bá gbá ṣe ń mí. Bó bá fẹ́ gbá pẹnáritì, àtàǹpàkò rẹ̀ ni mo máa ń wò, n kì í wo tẹlifíṣọ̀n. Òun náà mọ̀; á yáa ki ọwọ́ àti páàdì sábẹ́ ẹ̀wù. Bí ẹ bá rí àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù níwájú tẹlifíṣọ̀n láyé ìgbà yẹn, ẹ má rò ó sí ibòmíràn. Pẹnáritì ni.

Páàdì kìíní àti páàdì kejì: orúkọ wọn nìyẹn, wọn kò ní òmíràn. Ara páàdì kìíní le, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dáhùn. Ti páàdì kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ánálọ́ọ̀gù òsì rẹ̀, ọ̀pá kékeré tí a fi ń darí agbábọ́ọ̀lù, ti jẹ. O ò tíì fọwọ́ kàn án, Okocha rẹ ti ń rìn lọ sí etí pápá bí ẹni tí ìyàwó ń pè. Ẹni tó bá nà ló ń mú páàdì kìíní. Nítorí náà, ẹni tó ń nà á máa nà lọ, ẹni tó ń jìyà á máa jìyà lọ. Ẹ wo ìrẹ́jẹ yẹn dáadáa.

Bí ariwo wa bá pọ̀ jù, Bọ̀ọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù á tú páàdì kejì palẹ̀ lórí tábìlì. Lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni rọ́bà kan wà tó ní ojú dúdú, èyí tó ń kan pátákó inú rẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Bí dúdú yẹn bá ti parẹ́, bọ́tìnnì kò ní gbọ́ mọ́. Bọ̀ọ̀dá á mú pẹ́ńsù, á fi ẹnu rẹ̀ kun ojú rọ́bà náà títí yóò fi máa dán, á fẹ́ ẹ lẹ́nu, á dè é padà. Bọ́tìnnì á jí, ó kéré tán títí di ọjọ́ Àìkú. Ánálọ́ọ̀gù ni apá rẹ̀ kì í ká. Kábọ́ọ̀nù tín-ín-rín kan ló wà nínú rẹ̀ tí irin kékeré ń rìn lórí rẹ̀ lọ bọ̀. Bí irin bá ti ha á jẹ, géèmù á rò pé ọwọ́ ń tì í, nígbà tí kò sí ọwọ́ kankan níbẹ̀. Spírítì àti òwú lè mú un dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún di ti ẹni tó ń jìyà.

Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní àdúgbò Felele, wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìdọ̀bálẹ̀ ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

“Áńkù, ẹ jọ̀ọ́ sà, kíbọ́ọ̀dù láàpútọ́ọ̀pù yìí ò ṣeé fi gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ bá mi ra páàdì. Èyí tí ò ní wáyà, sà.”

“Kí ni wáyà fi ṣe ọ́?”

“Ti àtijọ́ nìyẹn, sà.”

Ti àtijọ́! Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo jókòó bá a ṣírò. Páàdì tí kò ní wáyà, yálà kó máa jẹ bátìrì tàbí kí a máa fi iná sí i. Nínú ilé yìí, fóònù, tọ́ọ̀ṣì àti láàpútọ́ọ̀pù ti ń jà sí ìwọ̀nba iná tí wọ́n bá mú wá, ta ni yóò tún fún páàdì láyè? Oníwáyà, ihò USB ló ti ń jẹun, oúnjẹ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. O kì í dé ìdí rẹ̀ kí o bá a ní òkú. Bákan náà, owó tí ilé iṣẹ́ ìbá fi ra bátìrì àti rédíò sínú èkejì, ó ṣeé ṣe kó lọ sára bọ́tìnnì àti ánálọ́ọ̀gù, bí wọ́n bá jẹ́ olóòótọ́. Ọmọ náà ní òun ti gbọ́. Ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó gbọ́.

Nígbà tí mo débi yíyàn gan-an ni mo rí i pé ayé ti yí. Nígbà tiwa, ọwọ́ la fi ń mọ páàdì tó dára. Lónìí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ èdè tó ń sọ. Ọ̀pọ̀ páàdì olówó pọ́ọ́kú tí ìrísí wọn jọ ti PlayStation 2, DirectInput ni wọ́n ń sọ, èdè àtijọ́ lórí Windows. Láti ọdún 2005 tí Microsoft ti gbé Xbox 360 jáde ni wọ́n ti mú XInput wá, òun sì ni ọ̀pọ̀ géèmù kọ̀ǹpútà òde òní ń gbọ́. Ẹ ki páàdì èdè àtijọ́ bọ̀ ọ́, Windows á ní òun rí i, géèmù á ní òun ò rí ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó ń fi Igala ná ọjà lọ́wọ́ ìyá Nupe ló rí: kò sẹ́ni tó ya odi, ọjà ni kò tà. Ògbufọ̀ wà o. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní x360ce, Steam náà sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra tuntun, kí ló ń wá ògbufọ̀ fún? Logitech F310 tó ti pẹ́ lọ́jà gbọ́ èdè méjèèjì: ohun kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ lè tì sí X tàbí D. Kì í kàn gbọ̀n lọ́wọ́ yín bí wọ́n bá ta yín lẹ́sẹ̀, èmi ò sì ka ìyẹn sí àdánù.

Èyí tó wá dùn mí dé ọkàn ni pé àwọn kan wà báyìí tí ánálọ́ọ̀gù wọn kò lo kábọ́ọ̀nù mọ́. Òòfà ni wọ́n fi sí i, nǹkan kan kò ha nǹkan kan. Hall effect ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀. GameSir G7 SE jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, oníwáyà sì ni. Páàdì kejì ni mo rántí. Gbogbo ewé oṣè tí àwọn èèyàn já nítorí kábọ́ọ̀nù tí kò fẹ̀ tó èékánná!

A gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ sọ́jà. Ọmọ tó ń tajà kò fẹ́ ká tú páálí. Mo ní bí a kò bá tú u, a ò rà á. Bí ẹ bá lọ, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ joy.cpl, ẹ tẹ Enter, kí ẹ sì ṣí páàdì tí ẹ bá rí níbẹ̀. Àpótí kékeré kan á yọ tó ní àmì agbélébùú láàárín. Ẹ yí ánálọ́ọ̀gù ká, kí ẹ fi í sílẹ̀ lójijì. Bí àmì náà bá padà sáàárín tó sì dúró jẹ́ẹ́, ara rẹ̀ dá. Bó bá ń gbọ̀n tàbí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dá a padà. Èyí àkọ́kọ́ tí a tú fì sí òsì. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọlọ́jà rò pé òun ni mò ń fi ṣẹ̀sín. Èkejì dúró. Mo tún fọwọ́ tọ́ ọrùn wáyà rẹ̀ wò, níbi tó ti wọ inú páàdì, torí ibẹ̀ ni wáyà ti ń kú. Èyí tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ ló sàn jù. Bó bá já, wáyà nìkan lẹ ó rà. Xbox àkọ́kọ́ ti ọdún 2001 tilẹ̀ ní ìsopọ̀ kan lára wáyà tó máa ń yọ fúnra rẹ̀ bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, ẹsẹ̀ tó bá kọ́ wáyà, PlayStation ló ń fà bọ́ sílẹ̀, ẹjọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó ń jìyà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ọmọ náà gba páàdì rẹ̀, ó dúpẹ́, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Àwòrán géèmù ayé yìí dára, n kò ní purọ́. Koríko pápá ń mì. Orúkọ ni kò dúró lójú kan: PES ti di eFootball láti 2021, FIFA ti di EA Sports FC láti 2023. Ọmọ yìí kò sì fi owó oúnjẹ gbá géèmù bí èmi ti ṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò nà án nílé rí nítorí pé ó pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá a gbá bọ́ọ̀lù, òun náà ò mọ ibi tó wà. Orúkọ kan ló ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Mo bi í lálẹ́ ọjọ́ kan pé báwo ni.

“Wọ́n nà mí ní méje, sà.”

“Méje sí òdo?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó ti tẹ bọ́tìnnì kan, ẹlòmíràn ti dé. Méje sí òdo, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ju èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà!

Ṣọ́ọ̀bù ẹsẹ̀ òkè ti di ibi tí wọ́n ti ń ṣe POS. Mo kọjá níbẹ̀ nígbà tí mò ń ti ọjà bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, torí mo padà lọ ra páàdì mìíràn, oníwáyà bíi ti àkọ́kọ́. Mo gbé àpótí ìjókòó láti ilé ìdáná, mo kan ilẹ̀kùn ọmọ náà, mo jókòó tì í. Wáyà méjèèjì kò gùn tó kí a jìnnà síra. Nígbà tó gba pẹnáritì, mo wo àtàǹpàkò rẹ̀, mo sì gbá bọ́ọ̀lù náà dànù. Ó ní ojóoró ni. Ó ṣì nà mí ní márùn-ún sí òdo.

Mo sọ òfin kejì fún un. Ó rò pé eré ni mò ń ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gun Patti. Ọ̀nà mọ́tò wà tó dé orí òkè, ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo bá níbẹ̀ sì ni mọ́tò gbé wá, ṣùgbọ́n ìjìyà kì í wọ mọ́tò. Ipa ẹsẹ̀ ni mo gbà, mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo mú ewé oṣè kan, mo pe ọmọ náà lórí fóònù pé mo ti débẹ̀. Ó ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun.

Ewé náà wà nínú páálí páàdì kejì báyìí. Ó ti gbẹ.