Ìkọ́kọrẹ́ Màmá: Ta Ló Mọ̀ Ọ́n Sè?

1/ Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kan ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹbí wa ká lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan jókòó lé. Ẹni tí ebi bá ń pa, kó tètè lọ jẹun, torí mi ò ní ra oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni o.

2/ Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá. Lọ́dọọdún, tí Iléyá bá ti ku ọ̀la, gbogbo wa máa ń di ẹrù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́dọ̀ màmá tó bí mọ́mì mi. A kì í kúrò ńbẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe Ojúde Ọba tán, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn èèyàn ń lọ wo ẹṣin àti aṣọ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Èmi ní tèmi, ìkọ́kọrẹ́ Màmá ni mo máa ń bá lọ.

3/ Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n: ewùrà la fi ń sè é. Ewùrà o, èyí tó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ tó sì máa ń yúnni. Wọ́n á rin ín, wọ́n á máa bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ ata tó ń hó, á wá jinná síbẹ̀ ní kókó-kókó. Àwọn kan ń pè é ní ìfọ́kọrẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá rí ẹ̀bà tó ti tutù fi tì í, ẹ máa gbàgbé gbèsè.

4/ Lọ́dún yìí, Màmá gbé e kalẹ̀, a bù ú sẹ́nu. Haa! Iyọ̀! Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àbúrò mi fẹ́ lanu, mọ́mì mi wò ó lójú kan báyìí, ó panu dé. Gbogbo wa jẹ ẹ́ tán. Omi tá a mu lọ́jọ́ yẹn, ràkúnmí ò lè mu ún.

5/ Mo wọlé ìdáná lọ fọ abọ́, mo bá Màmá tí wọ́n tún ń bu iyọ̀ sí èyí tó kù nínú ìkòkò. Wọ́n wò mí, wọ́n fi orúkọ mọ́mì mi pè mí. Mo ní, "Màmá, èmi ni o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣebí mo mọ̀." Àmọ́ mo rí i lójú wọn pé wọn ò mọ̀.

6/ Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ bí Màmá ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́ dáadáa? Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀." Mi ò mọ̀ pé ilé agbọ́n ni mo fọwọ́ kàn.

7/ Àǹtí Ìbàdàn, àkọ́bí Màmá: "Ata, alubọ́sà, epo, iyọ̀, ẹja gbígbẹ díẹ̀. Ó parí. Màmá kì í fi edé sí i."
Mọ́mì mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, láìsí edé, kí la wá ń jẹ?"
Àǹtí Èkó, àbíkẹ́yìn: "Pọ̀nmọ́ àti pańla ńkọ́? Èmi gan-an ni mo máa ń gé pọ̀nmọ́ ọ̀hún."
Bọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù: "Iṣu ni mò ń fi ṣe tèmi níbí o."
Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà: "Àsáró nìyẹn!" Ibẹ̀ nìkan ni ohùn wọn ti ṣọ̀kan.

8/ Ó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Àǹtí Ìbàdàn fi ohùn ránṣẹ́: "Ìwọ tó o jẹ pọ̀nmọ́ dàgbà, ìwọ lo fẹ́ wá sọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́ fún mi?" Àǹtí Èkó jáde kúrò nínú gúrúùpù. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Nítorí pọ̀nmọ́ o, ẹ gbà mí!

9/ Ìbàdàn ni mò ń gbé, ni mo bá lọ bá Àǹtí nílé. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, igi ni wọ́n fi ń dáná, gààrí ni Màmá ń tà. "Ewùrà wà lóko, ìyẹn ò ṣòro. Ẹja gbígbẹ kan, a máa dá a sí mẹ́rin, ìrù ẹ̀ la fi ń se ìkọ́kọrẹ́. Edé wo? Ta ló lówó edé?"

10/ Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Màmá kì í bá wa jẹ ẹ́. Wọ́n á ní àwọn ti jẹun lọ́jà. Mo ti bímọ méjì kó tó yé mi pé wọn kì í jẹ nǹkan kan lọ́jà."

11/ Mo pe Àǹtí Èkó. Nígbà tiwọn, Màmá ti ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ẹ̀gbọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé. Sítóòfù ti wà. Ní gbogbo Sátidé, Màmá àti Àǹtí Èkó á jọ jókòó, wọ́n á máa gé pọ̀nmọ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò. Abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹun. Wọn ò mọ Màmá tó máa ń sọ pé òun ti jẹun lọ́jà. Wọn ò bá a nílé.

12/ Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ Màmá lásìkò yẹn ni wọ́n ń kó sínú ìkòkò. Àìsí edé yẹn, ìyá Àǹtí Ìbàdàn ni. Pọ̀nmọ́ yẹn, ìyá Àǹtí Èkó ni. Tó o bá ní irọ́ ni, o ti ní ìyá tó tọ́ ẹni yẹn ò sí nìyẹn. Kí ló dé tí wọn ò ní jà?

13/ Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Àǹtí Ìbàdàn, mo gba ohùn wọn sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò wọn. Kò sí èsì lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Èkó fúnra wọn pe ẹ̀gbọ́n wọn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa pàdé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àǹtí Èkó gbé ewùrà wá. Àǹtí Ìbàdàn ló ra pọ̀nmọ́.

14/ Bá a ṣe sè é rèé, èèyàn 4 á jẹ ẹ́ yó. Ewùrà kílò 1. Ata rodo 4, tàtàsé 2, alubọ́sà ńlá 1. Epo pupa ìdajì kọ́ọ̀pù. Ẹja gbígbẹ 1. Edé lílọ̀ ṣíbí ìjẹun 2. Iyọ̀. Tówó bá wà, pọ̀nmọ́ àti pańla, kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ sè wọ́n.

15/ Ẹ lọ ata, tàtàsé àti alubọ́sà pọ̀. Ẹ gbé epo kaná, kó kàn gbóná, kó má funfun. Ẹ da ata sí i, kó hó dáadáa. Ẹ fi omi kọ́ọ̀pù 2, ẹja tẹ́ ẹ ti yọ egungun ẹ̀, edé àti iyọ̀ sí i. Ọbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣàn, torí ewùrà máa fa omi. Ẹ fi epo pa ọwọ́ kó má baà yún yín, kẹ́ ẹ bó ewùrà, kẹ́ ẹ rin ín, kẹ́ ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ pò ó.

16/ Ẹ máa fọwọ́ bù ú ní kékeré-kékeré sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Ẹ dín iná kù, ẹ dé e. Ẹ MÁ RÒ Ó. Tó bá tó ìṣẹ́jú 15 sí 20, tí kókó náà ti le díẹ̀, ẹ wá fi ṣíbí onígi rò ó pẹ̀lẹ́, kí kókó má fọ́ tán.

17/ "Ẹ má rò ó" yẹn, kì í ṣe àwọn àǹtí mi ló sọ ọ́. Màmá jókòó sórí àpótí nítòsí, wọn ò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀. A ti gbé iyọ̀ pamọ́ fún wọn. Bí mo ṣe da ewùrà sí i tán, mo nawọ́ mú ṣíbí. Pẹ́ẹ́! Màmá gbá mi lọ́wọ́. "Má tíì rò ó. Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?" Orúkọ mọ́mì mi ni wọ́n tún pè. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Mi ò tún un ṣe.

18/ Bọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù ń wò wá lórí fídíò. Wọ́n ní, "Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ jẹ́ n máa fi iṣu ṣe tèmi." Wọ́n ṣì sọ fún wọn pé àsáró ni.

19/ Oríṣi mẹ́ta ló wà nínú gúrúùpù wa báyìí: ti Àǹtí Ìbàdàn, ti mọ́mì mi, ti Àǹtí Èkó. Mo kọ orúkọ kálukú sí tiẹ̀. Àǹtí Èkó náà ti padà wọlé.

20/ Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ pe àwọn ará ilé yín lónìí, kẹ́ ẹ béèrè oúnjẹ yẹn. Ẹ mọ èyí tí mò ń sọ. Àmọ́ ẹ má kàn béèrè iye ata o. Ẹ bi wọ́n pé: nígbà tẹ́ ẹ kọ́ ọ, kí ló wà nílé, kí ni ò sí? Kẹ́ ẹ wá sọ fún mi nísàlẹ̀ níbí. Mo ń dúró.