Ihò Tí Mo Fi Ọ̀dà Bò

Mo mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ gan-an nìyẹn, torí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀, mo sọ fún oníbàárà mi pé n kò rí i.

Iṣẹ́ ọ̀dà fífín sára ọ̀kadà ni mò ń ṣe ní Ìkòtún. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n tún fi mẹ́rin kún un ní oṣù kẹsàn-án, Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Ìkòtún wà, kò sí lára wọn. Àwọn tó ń gbé èrò ní Ìkẹjà àti Múṣin ń gbé alùpùpù wọn wá sọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ sì kún ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́kadà kì í fẹ́ kí táńkì òun sùn sí ṣọ́ọ̀bù: ọjọ́ tí ọ̀kadà kò bá jáde, owó kò wọlé. Bí mo ṣe sọ ìkánjú di iṣẹ́ nìyẹn.

Àgbàlagbà kan gbé táńkì Boxer àlòkù wá ní ọdún 2023. Omi wúwo ju bẹntiróò lọ; òjò tó bá gba ẹnu táńkì wọlé, ìsàlẹ̀ ló ń lọ jókòó sí, nítòsí kọ́ọ̀kì, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń jẹ irin láti inú. Nígbà tí a fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ihò kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ yọ níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ gbóòórùn ibí, ó ń jò o.” Mo ní kó dákẹ́, kó lọ po bọ́dìfílà wá.

Ó yẹ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ṣùgbọ́n kí iná tó kan táńkì, èèyàn gbọ́dọ̀ da epo inú rẹ̀ nù, kó fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ léraléra, kó sì tún rọ omi kún un, torí oru bẹntiróò tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù. Odidi ọjọ́ kan ni, bàbá náà sì ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo fi bọ́dìfílà dí i, mo fín práímà, mo fín ọ̀dà pupa, mo fi kílíà parí rẹ̀. Ó ń dán. Bàbá náà ṣàdúrà fún mi, mo sì ṣe àmín.

Bẹntiróò kò kánjú. Ó ń mú kí bọ́dìfílà rọ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n ọ́n, títí ọ̀dà fi wú bíńtín, tó sì là. Alẹ́ ló là, ní ọ̀nà Ìgàndò, èrò wà lẹ́yìn rẹ̀, epo ń kán sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Òórùn ló kìlọ̀ fún bàbá náà tó fi pa ọ̀kadà, tó sì sọ èrò kalẹ̀. Iná kò sọ. Epo tó dà nù nìyẹn, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan ti fò láti nǹkan bíi 185 náírà kọjá 480.

Nígbà tó padà wá, mo purọ́ fún un lójú ọmọ iṣẹ́ mi. Ọmọ náà kàn wolẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ní òwúrọ̀, mo lọ bá bàbá náà nílé ní Ẹgbẹ́dá, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ òótọ́. Owó tí mo ń tọ́jú fún kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ni mo fi ra táńkì míràn fún un, mo sì san owó ọjọ́ tí kò fi ṣiṣẹ́. Ó gbà á. Sípíréyà míràn ló gbé e lọ bá, kò sì jẹ̀bi.

Báyìí, kẹrosíìnì ni mo ń kọ́kọ́ rọ sínú táńkì yòówù, màá fi ṣọ́ọ̀kì pa ìdí rẹ̀, màá fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti tutù, ibẹ̀ ló ń jò. Kílíà tí mò ń lò, ìdá méjì rẹ̀ sí ìdá kan hádínà ni. Èyí tí kò bá ní hádínà, bẹntiróò tó bá ta sí ẹnu táńkì ní ilé epo yóò yọ́ ọ. Ẹni tí kò bá lè dúró kó gbẹ dáadáa, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó gbé e lọ síbòmíràn.

Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ yẹn gba fírídọ̀m, mo sọ ọ́ níwájú àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ wa pé òun ló rí ihò náà, èmi ni mo ní kó dákẹ́.