Sísin Àlejò Dé Èbúté

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹnìkan bá gbọ́ pé àwa ará Ìlọrin ń kọ̀wé nípa ọkọ̀ ojú omi, ó lè rẹ́rìn-ín, kí ó sì béèrè ohun tí ó pa ará orí ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àjẹ̀ àti àwọ̀n. Òtítọ́ ni pé odò Asà tí ó la ìlú wa já kì í ṣe odò tí a ń tukọ̀ lórí rẹ̀ láti ọjà dé ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé wa. Omi Odò Ọya tí a sé ní Káínjì àti ní Jẹ́bà wà nínú ohun tí ń tan iná mànàmáná tí a fi ń kàwé ní alẹ́. Ẹja gbígbẹ tí àwọn ìyá wa ń rà ní ọjà, àwọn apẹja etí omi náà ni ó kó púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará Jẹ́bà, àwọn ará Ẹdú àti àwọn ará Pàtígì tí ń gbé etí odò náà, ọmọ Ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́. Ẹni tí ń jẹ ẹja odò, tí ó sì ń fi iná odò ríran, kò lè sọ pé ọ̀ràn àwọn tí odò ń gbé lọ kò kan òun.

Adágún Káínjì kì í ṣe èyí tí ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é. Ní ọdún 1964 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìsédò rẹ̀, èyíinì ni odi ńlá tí a fi dá omi dúró. A parí rẹ̀ ní 1968, Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ṣí i ní oṣù kejì ọdún 1969. Odò tí a sé náà fà sẹ́yìn, ó tẹ́ rẹrẹ, títí ó fi gùn tó nǹkan bí kìlómítà 135. Ó bo Bùsà àtijọ́, níbi tí Mungo Park ti kú sínú omi ní ìtòsí rẹ̀ ní 1806. Àwọn tí ó ṣí kúrò ní ilẹ̀ bàbá wọn ju 40,000 lọ, a sì tẹ Bùsà Tuntun dó fún àwọn ará Bùsà. Abẹ́ Kwara ni Bùsà Tuntun wà títí di 1991, tí a fi pín in sí Ìpínlẹ̀ Niger. Ní 1985 ni a ṣí ìsédò kejì ní Jẹ́bà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́, adágún mìíràn sì wà lẹ́yìn òun náà.

Ó yẹ kí a mọ ìwà omi yìí kí a tó lè sọ ewu rẹ̀. Ìgbà méjì ni Odò Ọya ń kún wọ inú adágún Káínjì láàrin ọdún. Èkíní ni omi funfun, tí ó kún fún ẹrẹ̀, tí òjò ilẹ̀ tí kò jìnnà ń rọ́ wá ní ìparí ìgbà òjò. Èkejì ni omi dúdú. Èyí ti orí òkè ilẹ̀ Gìní gbéra, ó gba ilẹ̀ Mali kọjá, ó sì fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú àbàtà ibẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti mọ́ gaara, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́. Nítorí náà odò lè máa kún nígbà tí kò sí ìṣù òjò kan lójú ọ̀run. Lẹ́yìn náà, bí a ti ń lo omi láti fi yí ẹ̀rọ iná, adágún náà a fà, a sì sọ̀kalẹ̀ tó nǹkan bí mítà mẹ́wàá. Àwọn àgbẹ̀ a tẹ̀lé e lẹ́yìn, wọn a gbin nǹkan sí ilẹ̀ tútù tí ó fi sílẹ̀.

Nígbà tí a ń sé odò náà, a kò gé gbogbo igi igbó ibẹ̀ tán. Igi wọ̀nyí kú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò wó. Bí omi bá fà, gbogbo ojú ni ó ń rí wọn. Bí ó bá kún dẹ́nu, ọkọ̀ a gba orí wọn kọjá. Ìgbà tí omi bá wà ní àárín méjì, tí orí kùkùté sì fi ìwọ̀n ọwọ́ kan rẹlẹ̀ sí ojú omi, nígbà náà ni ó di ikú. Síbẹ̀ apẹja kò kórìíra kùkùté. Lóòótọ́ ó ń fa àwọ̀n ya, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni epìà ń fara pamọ́ sí, ara rẹ̀ ni ewé omi tí ẹja ń jẹ ń hù sí. Igi kan náà ni ó ń bọ́ ilé apẹja tí ó sì ń fọ́ ọkọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Nítorí èyí, apẹja mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà gẹ́gẹ́ bí a ti mọ òpó ilé wa nínú òkùnkùn. Àlejò ni kò mọ̀ ọ́n.

Ewu ohun tí omi bò kò sì bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tiwa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ Dayspring ń gòkè lọ lórí Odò Ọya. Dókítà Baikie ni olórí rẹ̀, Àlùfáà Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, sì wà lára àwọn arìnrìn-àjò náà. Nítòsí Jẹ́bà ni ọkọ̀ náà ti kọlu àpáta, tí ó sì fọ́. Wọ́n pàgọ́ sí etí odò fún ọ̀pọ̀ oṣù; Glover, ọ̀kan nínú wọn, sì fi ẹsẹ̀ rìn dé Èkó. Àwọn tí ń tu Dayspring kì í ṣe òpè nínú iṣẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ inú odò náà bí ọmọ odò ti mọ̀ ọ́n. Àwọn bàbá wa ti wí pé òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ọ̀ràn mẹ́ta yẹ̀ wò, tí gbogbo wa gbọ́ ìròyìn wọn. Ní òru tí ó mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn ará abúlé mélòó kan ní agbègbè Pàtígì ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ láti Egboti ní Ìpínlẹ̀ Niger. Alùpùpù ni púpọ̀ nínú wọn gùn lọ. Òjò rọ̀, omi bo ọ̀nà, wọ́n sì kó sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà kọlu ìtì igi, ó là sí méjì, ènìyàn tí ó lé ní 100 sì ṣègbé. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ mìíràn tí a ní ó gbé nǹkan bí 300 ènìyàn, tí obìnrin àti ọmọdé pọ̀ jù nínú wọn, rì ní Gbajibo ní agbègbè Mokwa. Àjọ̀dún Máólúdì ni ó mú wọn wọ ọkọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ní ojúmọmọ, ọkọ̀ tí ó kúrò ní Tungan Sule ní ẹkùn Malale kọlu kùkùté igi nítòsí Gausawa. Ilé ọlọ́fọ̀ ní Dugga ni àwọn inú rẹ̀ ń lọ. Níbi tí wọ́n ti ń lọ bá ẹni kẹ́dùn ni ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ wọ́n.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ìgbéyàwó, àjọ̀dún, ìbánikẹ́dùn. Ìwà ọmọlúàbí ni ó mú wọn wọ ọkọ̀. A kò gbàgbé pé ọjọ́ ọjà náà ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọkọ̀ tí ń lọ sí Wara lórí adágún Káínjì gbé ènìyàn tí ó lé ní 150, nígbà tí a ní kò yẹ kí ó gbé ju 80 lọ, ó sì rì. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà kò ní ẹnìkan tí ó pè é. Kálukú ni ó ń jí lọ fúnra rẹ̀. Àpèjọ ní ẹni tí ó pè é. Ó ní bàbá ìyàwó, ó ní àlùfáà, ó ní lèmọ́mù, ó ní olórí ẹbí tí ó dá ọjọ́, tí ó sì ránṣẹ́ sí ènìyàn.

Nínú àṣà wa, àlejò kì í dá lọ. Bí ó bá dìde pé òun ń lọ, baálé ilé a dìde pẹ̀lú rẹ̀, a sìn ín dé ojúde, bí ìfẹ́ bá sì pọ̀, a sìn ín dé oríta. Ẹni tí ó bá jókòó sórí àga rẹ̀ tí ó ní kí àlejò máa lọ, a ó sọ pé a kò kọ́ ọ nílé. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ gbà pẹ̀lú wa ni pé, ní ìlú tí odò wà, oríta ni èbúté jẹ́. Ẹni tí ó pe ènìyàn kọjá odò, tí kò sì mọ irú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, kò tíì sin àlejò rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó wà nínú sísin yìí ni kíkà. Nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì, orí 27, Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ pé ìgbà ti kọjá fún ìrìn-àjò, a kò gbọ́ tirẹ̀, ọkọ̀ sì fọ́ ní etí Mẹ́lítà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ìtàn náà mọ iye ọkàn tí ó wà nínú ọkọ̀: 276 ni wọ́n. Nítorí pé ó mọ iye yìí ni ó ṣe lè sọ pé gbogbo wọn ni ó dé ilẹ̀. Ní tiwa, bí ọkọ̀ bá rì, òní a gbọ́ iye kan, ọ̀la a gbọ́ òmíràn, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kà wọ́n nígbà tí wọ́n ń wọlé. Ìyá dúró ní etí omi, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún un bí ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Ọmọ ilé-ìwé tí ó mọ̀wé kọ, tí ó ní lẹ́ẹ̀dì àti tákàdá, lè dúró ní èbúté kí ó kọ orúkọ wọn. Iṣẹ́ tí àwọn àgbà kò ṣe láti ọjọ́ yìí wá, ọmọ ọdún méjìlá lè ṣe é.

Ẹnìkan yóò wí pé ọ̀rọ̀ owó ni. Ọkọ̀ kò pọ̀, ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó wọ́n, owó ọkọ̀ sì ni atukọ̀ fi ń bọ́ ọmọ. Bí ó bá gbé ìwọ̀nba, kí ni yóò jẹ? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ìjọba sì ní ipa tirẹ̀. Àjọ tí ń bójú tó ọ̀nà omi wà. Òfin sì ti wà láti 2010 tí ó dá àjọ HYPPADEC sílẹ̀ nítorí àwọn ilẹ̀ tí ìsédò iná wà. Ó tọ́ kí a máa bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti ń pèsè ẹ̀wù, kí a sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ri òpó tí ó ní àsíá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà láàrin àwọn kùkùté. Apẹja ni yóò fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Kò sì sí ìdí fún un láti bẹ̀rù pé a ó hú igi tí ẹja rẹ̀ ń gbé.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó dé, àpèjọ ní àpò tirẹ̀. Ìdílé tí ó lè ra aṣọ ẹbí lè san owó ọkọ̀ kejì. Ìjọ tí ó lè pa màlúù nígbà ìkórè lè ra ẹ̀wù ìléfòó mẹ́wàá lọ́dọọdún, kí ó sì máa yá àwọn mùsùlùmí tí wọ́n jọ ń lo èbúté. Ní Ìlọrin níhìn-ín, a mọ̀ bí a ti í jẹ àsè ara wa. Kí ẹni tí ó bá ń dá ọjọ́ kọ́kọ́ béèrè ipò tí omi wà lọ́wọ́ apẹja, kí ó sì fetí sí ìkìlọ̀ nípa ìsédò, nítorí bí a bá ṣí ẹnu rẹ̀ nígbà tí omi pọ̀ jù, àwọn ará ìsàlẹ̀ ni ó ń bá. Wọn kò gbàgbé ẹ̀kún omi ọdún 2012 àti 2022. Ìgbéyàwó lè dúró de omi. Kí a parí àsè kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ bá sì ṣú bá, kí a tẹ́ ẹní fún un. Kí a fi ọkọ̀ lé ọwọ́ ẹni tí ń pẹja nínú omi náà gan-an, kí a má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀bẹ̀ wọ ọkọ̀ tí ó ti kún.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà ní abúlé etí omi, ẹ̀yin ni a ń bẹ̀ jù lọ. Ní ọjọ́ àpèjọ tí ń bọ̀, ẹ yan ọmọ méjì tí ọwọ́ wọn já gaara. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó gúnlẹ̀ ní òwúrọ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tí ó wọ ọkọ̀ padà, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀. Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó pe àpèjọ títí ìròyìn yóò fi dé láti òdì kejì pé gbogbo wọn ti gúnlẹ̀. Nígbà náà ni kí ó wọlé lọ sùn.